Ẹni Tó Mọ Iṣẹ́ Òkùnkùn: Kámẹ́rà, Iná àti Ẹ̀rí Òru láti Songon dé Lekki

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Gesco jáde kúrò ní Yopougon ní ìrọ̀lẹ́, tó ń lọ sí Dabou, yóò la àgbègbè Songon kọjá. Ọ̀sà Ébrié wà ní apá gúúsù rẹ̀. Àwọn abúlé Ébrié, bíi Songon-Agban, Songon-Dagbé àti Songon-Kassemblé, ti wà níbẹ̀ kí ìlú ńlá tó dé bá wọn. Lónìí, oko ọ̀pẹ, oko rọ́bà àti àwọn ilé tuntun ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní apá ayé yìí, oòrùn kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ bí ó bá fẹ́ wọ̀. Yálà oṣù Kẹfà ni tàbí oṣù Kejìlá, nígbà tí aago méje bá lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ìgbà yẹn ni òwe àwọn àgbà máa ń ṣẹ, pé òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú lè jẹ́ bàbá ẹni, ó sì lè jẹ́ adigunjalè. Ojú lásán kò lè sọ ọ́.

Láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ìdáhùn tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń fún òkùnkùn yìí ni kámẹ́rà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọn a ní àwọn yóò ra kámẹ́rà. Bí ìdìbò bá ń bọ̀, wọn a tún ṣèlérí kámẹ́rà. Nígbà tí àwọn apààyàn kọlu ìjọ Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, lára ohun tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú pàṣẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí àwọn ibi tí èrò ń pé jọ sí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní kámẹ́rà. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi pé ó fẹ́ ṣọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn olóṣèlú kì í sọ fún ará ìlú bí wọ́n bá ń tọwọ́ bọ irú àdéhùn báyìí. Kámẹ́rà kò ní ojú tirẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń ríran. Ìjọba tó bá ra kámẹ́rà láì kọ́kọ́ bèèrè irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbi tí yóò gbé e sí, gbèsè ni ó rà. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rí bá di dandan, a kì yóò rí nǹkan kan fà yọ.

Ìlú tó ń fẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn

Songon jẹ́ ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí etí ìlú ni ó wà. Ó wà lábẹ́ Agbègbè Aládàáni Abidjan, bíi ti Anyama àti Bingerville, ṣùgbọ́n kò sí lára kọ́múùnù mẹ́wàá tó jẹ́ ìlú Abidjan gan-an. Ìlú náà sì ń fẹ̀ bọ̀ wá bá a. Ọ̀rọ̀ Abidjan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn ará Éjìgbò àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ ti ń ná ọjà Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran, débi pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n, ìyẹn Ànàgó. Oníṣòwò tó bá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ lálẹ́, tó ń gbé owó ọjà lọ sílé ní etí ìlú, mọ iye tí iná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó.

Côte d'Ivoire kò jẹ́ kí iná mànàmáná di ìtìjú orílẹ̀-èdè. Ilé iṣẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ gáàsì pèsè iná ní Azito kò jìnnà, ní Yopougon tó bá Songon pààlà ni ó wà. Orílẹ̀-èdè náà ń ta iná fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó sì dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 2014 láti fa iná dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù tí kò lè san owó ìfanásílé lẹ́ẹ̀kan náà. Abidjan náà ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi kámẹ́rà ṣàkóso: láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni a ti ń fi kámẹ́rà mú àwọn awakọ̀ tó bá rú òfin ìrìnnà, tí owó ìtanràn a sì wá bá wọn láì tọ́wọ́ ọlọ́pàá kankan wá. Nítorí náà, bí ìlú bá ti ń sún mọ́ Songon, ohun méjì ni yóò máa sún mọ́ ọn pọ̀, iná òpópónà àti kámẹ́rà. Ìbéèrè ìṣèlú tó wà níbẹ̀ ni pé, èwo ni yóò kọ́kọ́ dé? Ta ni yóò sì jẹ́ tirẹ̀?

Òjò wínníwínní nínú igbá

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣàn bí odò. Ẹyọ ẹyọ ni ó ń bọ́ bí ẹ̀kán òjò. Ojú kámẹ́rà sì kún fún àwọn ihò kéékèèké tó tó mílíọ̀nù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a lè fi wé igbá tí a tò kalẹ̀ sí àgbàlá. Bí òjò ńlá bá rọ̀, a ó mọ̀ dájú pé igbá tó wà lábẹ́ ìjà òrùlé gba omi ju èyí tó wà lábẹ́ igi lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òjò wínníwínní ni, igbá méjì tó wà nínú gbangba kan náà lè yàtọ̀ síra: ọ̀kan gba ẹ̀kán mẹ́ta, èkejì gba méje. Kò sí igi lórí èyíkéyìí nínú wọn. Bí ẹ̀kán ṣe ṣèèṣì bọ́ ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ihò tó bá gba ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 10,000 yóò ní àṣìṣe tó tó 100, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ènìyàn kò ní í mọ̀. Bí ó bá gba 100, àṣìṣe rẹ̀ yóò tó 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ó bá gba 9 péré, àṣìṣe rẹ̀ yóò tó 3, ìdá kan nínú mẹ́ta. Èyí ni ó fà á tí àwòrán òru fi máa ń dà bí ìgbà tí a fọ́n iyanrìn sí i. Kò sí iléeṣẹ́ kan láyé, ti China ni o, ti Amẹ́ríkà ni o, tó lè ta kámẹ́rà tó bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, nítorí ìṣẹ̀dá ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

A máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ ní lux. Ìta gbangba ní ọ̀sán gangan tí oòrùn ń ràn lè ní tó 100,000 lux. Òpópónà tí iná rẹ̀ dára lè ní bíi 10. Òṣùpá àrànmọ́jú kò tó ẹyọ lux kan. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí òṣùpá kò bá sí, tó jẹ́ ìràwọ̀ nìkan ló kù, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni ó kù. Ojú kámẹ́rà tí a gbé sórí òpó ní etí Songon, tàbí ní ọ̀nà oko kan ní Ìbàràpá, ní láti fara da ìyàtọ̀ yìí láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní ọgbọ́n méjì tó lè dá. Ó lè la ojú pẹ́ kí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ nínú igbá. Ṣùgbọ́n bí ojú bá là pẹ́, ohunkóhun tó bá ń rìn yóò di òjìji tó fà gùn. Ó sì lè sọ díẹ̀ tó gbà di púpọ̀, bí ẹni tó yí ohùn rédíò sókè. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti ń ròkè ni ariwo inú rẹ̀ náà ń ròkè. Láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣe ojú kámẹ́rà ti ṣe bẹbẹ: wọ́n ti yí i padà kí wáyà inú rẹ̀ má ṣe dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà mọ́, wọ́n sì ti mú kí ihò rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí a bá kọ ọ́ sára páálí pé kámẹ́rà kan ń rí àwọ̀ nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lux, ó yẹ kí ẹni tó ń rà á bèèrè bí ojú rẹ̀ ṣe là pẹ́ tó nígbà tí wọ́n dán an wò. Ère tó dúró gbọn-in kò sá lọ rí. Olè ni ó máa ń sá.

Ojú mẹ́ta, ẹ̀rí mẹ́ta

Kì í ṣe irú ìmọ́lẹ̀ tí ènìyàn ń rí nìkan ló wà. Ní ọdún 1800, William Herschel gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ooru sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí a pín sí àwọ̀ bí òṣùmàrè, ó sì rí i pé ooru pọ̀ níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ àìrí tó kọjá pupa yìí ni a ń pè ní infrared. Ara rẹ̀ ni ìyàtọ̀ àwọn kámẹ́rà òru ti jáde, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì fún adájọ́ àti fún aṣòfin ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ojú àkọ́kọ́ ni kámẹ́rà tó ń lo ìmọ́lẹ̀ lásán. Ó ń fi àwọ̀ hàn, ó ń fi ojú ènìyàn hàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní iná. Ojú kejì ni èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilé àwọn olówó àti ní ilé ìfowópamọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ṣí ìbòjú dígí kan kúrò lójú ara rẹ̀, a sì tan iná infrared tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 850 tàbí 940 nánómítà, tí ojú ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí tàbí tí kò rí rárá. Àwòrán rẹ̀ a di funfun àti dúdú. Iná rẹ̀ kì í rìn jìnnà: bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ni yóò dé ara ẹni. Kòkòrò, ìkùukùu àti eruku ọyẹ́ a máa dá iná náà padà sí i lójú. Ewu kan tún wà nínú rẹ̀ tí kì í hàn síta: ọ̀pọ̀ aró tí a fi ń pa aṣọ láró kì í gbé ìmọ́lẹ̀ infrared mì. Nítorí náà, aṣọ dúdú lè hàn bí aṣọ funfun. Ẹlẹ́rìí tó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó wá búra nílé ẹjọ́ nípa àwọ̀ ẹ̀wù afurasí lè sọ ẹnì kan di ẹlẹ́wọ̀n láìmọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa.

Ojú kẹta ni kámẹ́rà tó ń rí ooru. Kò nílò iná kankan, nítorí ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń tan infrared tó gùn, láàárín 8 sí 14 máíkírómítà. Yóò rí ènìyàn nínú igbó dúdú, nínú èéfín, láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n kì í dá ojú mọ̀. Ó lè sọ pé ènìyàn ń bọ̀, kò lè sọ pé Làmídì ni. Kì í rí inú dígí ọkọ̀, òjò àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, níbi tí ilẹ̀ àti ògiri ṣì máa ń gbóná nírọ̀lẹ́, ìyàtọ̀ láàárín ara ènìyàn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kéré ju ti ilẹ̀ òtútù lọ. Àwọn ológun máa ń da ojú kìíní àti ẹ̀kẹta pọ̀ kí ọ̀kan lè sọ ibi tí ènìyàn wà, kí èkejì sì sọ ẹni tó jẹ́. Owó irú ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Àwọ̀ ara ènìyàn pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwòrán àwọn aṣòfin ni wọ́n lò, títí kan ti Rwanda, Senegal àti South Africa. Àṣìṣe tó ga jù lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7. Àwòrán ọ̀sán nìyẹn o, ti àwọn ènìyàn tó dúró jẹ́ẹ́ kí a yà wọ́n. Kí ni a ó wá sọ nípa obìnrin tó ń yára kọjá lábẹ́ iná tó ti kú?

Alẹ́ ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni èyí, kó rántí Lekki. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun dé bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS ní ibodè ìsanwó Lekki ní nǹkan bí aago méje, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Àwọn ẹlẹ́rìí sọ pé iná ibẹ̀ ti kú kí ìbọn tó dún. Kí ọjọ́ náà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àríyànjiyàn tó gba ìlú kan ni ti kámẹ́rà tí àwọn ènìyàn rí tí wọ́n ń yọ níbẹ̀. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ṣàlàyé pé èyí tí wọ́n yọ kì í ṣe kámẹ́rà ìṣọ́, pé èyí tó ń ka nọ́mbà ọkọ̀ ni.

Ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Kámẹ́rà tó ń ka nọ́mbà ọkọ̀ lálẹ́ sábà máa ń tan iná infrared, a sì máa la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá tó kéré gan-an. A ti fi ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá kun nọ́mbà ọkọ̀, nítorí náà nọ́mbà a tàn yòò, gbogbo ohun tó yí i ká a sì ṣókùnkùn. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò ní í wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jókòó sí ilẹ̀ pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Àlàyé gómìnà náà bá ọgbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ó tún gbé ìbéèrè tó tóbi jù dìde: èyí tó yẹ kó rí wọn ńkọ́? Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ LCC tó ń bójú tó ibodè náà sọ níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Doris Òkúwobí darí pé kámẹ́rà ìṣọ́ náà dẹ́kun gbígba àwòrán sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́.

Ohun tó kù fún orílẹ̀-èdè náà ni fóònù àwọn ọ̀dọ́. Fídíò tí DJ Switch ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ lórí Instagram ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ojú kámẹ́rà fóònù kéré, ihò rẹ̀ kéré, iná kò sì sí: àwòrán náà kún fún iyanrìn àti òjìji, ohùn ni ó dájú jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì tẹ èrò tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 30 oṣù náà, iye ẹni tó kú ni wọn kò fẹnu kò lé lórí. Títí di òní, ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ àti ìjọba tó ń sọ pé kò sí òkú ń jiyàn lórí àwòrán tí kò mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹ̀rí bá ti ṣókùnkùn, agbára ni ó máa ń di ẹ̀rí.

Ìwé èsì ìbò nínú iná fóònù

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, òkùnkùn tún wọ inú ìbò. Àjọ INEC ti ṣèlérí pé ẹ̀rọ BVAS yóò ya àwòrán ìwé èsì ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ojú òpó IReV kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ pẹ́ dé ọ̀pọ̀ ibùdó, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó ka ìbò tán. Iná tọ́ọ̀ṣì àti iná fóònù ni a fi kà á. Òṣìṣẹ́ tí àárẹ̀ ti mú gbé ẹ̀rọ sókè lórí ìwé, ojú ẹ̀rọ là pẹ́ nítorí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ̀n. Irú àwòrán wo ni yóò jáde?

Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour mú ẹ̀sùn wá síwájú ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ awuyewuye ìdìbò ààrẹ pé àwòrán èsì láti ibùdó 18,088 kò ṣe é kà. Ilé ẹjọ́ náà kò gba ẹjọ́ wọn wọlé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù tó tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òkùnkùn nìkan ló fa gbogbo àwòrán tí kò hàn. Àìbìkítà wà, ó sì ṣeé ṣe kí èrú wà. Ṣùgbọ́n ìṣòro náà gan-an nìyẹn: nígbà tí a kò bá pèsè ìmọ́lẹ̀, a kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ọwọ́ tó gbọ̀n àti ọwọ́ tó jalè. Fìtílà tó ń lo bátìrì, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó BVAS kan, ni ìbá mú àwáwí náà kúrò. Òfin ìdìbò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ìdìbò ọdún 2027 ti ń kanlẹ̀kùn, ó tọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa iná.

Gbèsè Abuja àti ohun tó ṣiṣẹ́ lórí omi

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ni ti Abuja àti Èkó. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bá iléeṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ China wọ àdéhùn mílíọ̀nù 470 dọ́là fún ètò ààbò tó ní kámẹ́rà 2,000 nínú, 1,000 ní Abuja, 1,000 ní Èkó. Owó àyálò láti China ni ó gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn òpó náà dúró lójú títì fún ọdún púpọ̀ láì ríran. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lẹ́yìn tí àjọ SERAP pe ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja pàṣẹ pé kí ìjọba ṣàlàyé bí a ṣe ná mílíọ̀nù 460 dọ́là tí a yá fún ètò náà. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí a fi ọwọ́ sí ìwé náà yóò bá wa pín nínú gbèsè rẹ̀.

Kì í ṣe pé kámẹ́rà òru kò lè wúlò rárá. Lórí omi, ó ti wúlò. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 2021, Nàìjíríà ṣí ètò Deep Blue àti ètò Falcon Eye ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, tí ó da rédà pọ̀ mọ́ kámẹ́rà láti ṣọ́ etíkun. Gẹ́gẹ́ bí àjọ IMB ti kà á, ìkọlù àwọn ajalèlókun ní Gulf of Guinea já wálẹ̀ láti 81 ní ọdún 2020 sí 34 ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ṣe é. Òfin tó lòdì sí ìjalèlókun ti wà láti ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ti fi dá àwọn ènìyàn lẹ́bi ní ọdún 2020, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun sì wà tí yóò jáde nígbà tí ojú bá rí nǹkan. Ojú, ẹsẹ̀ àti òfin ló jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Ní Abuja, ojú nìkan ni a rà, a kò sì fún un ní oúnjẹ.

Ìbéèrè mẹ́rin

Àwọn tó ń gbèjà kámẹ́rà a máa sọ pé díẹ̀ sàn ju kò sí lọ, pé olè a máa bẹ̀rù òpó tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Òótọ́ lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, olè a mọ̀, ará ìlú nìkan ni kò ní í mọ̀. Iná tí a tàn sí ojú títì, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń lò ó: onísọ̀, aboyún tó ń lọ sílé ìwòsàn, ọmọ iléèwé, ọlọ́pàá tó ń rìn káàkiri. Kámẹ́rà tí a gbé sínú òkùnkùn, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ nìkan ni a rà á fún. Èyí ni ó fà á tí iná fi gbọ́dọ̀ ṣáájú, tí kámẹ́rà fi gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Nítorí náà, kí aṣòfin tàbí kánsẹ́lọ̀ kankan, ní Songon tàbí ní Ṣakí, tó gbé ọwọ́ sókè fún owó kámẹ́rà, ó yẹ kó bèèrè ohun mẹ́rin. Àkọ́kọ́, lux mélòó ló wà níbẹ̀ ní aago méjìlá òru? Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó kọ àdéhùn. Ìkejì, iṣẹ́ wo ni kámẹ́rà náà fẹ́ ṣe: láti mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀, tàbí láti mọ ẹni náà? Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé lágbàáyé sọ pé kí a tó lè fi àwòrán dá ẹni tí a kò mọ̀ rí mọ̀, ihò ojú kámẹ́rà 250 gbọ́dọ̀ wà fún mítà kan ara ohun tí a ń wò. Fún mímọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀, 25 tó. Ẹni tó san owó 250 tó gba 25, a ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ìkẹta, ta ni yóò máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀, tí yóò máa pa okùn aláǹtakùn tí iná infrared ń fà, tí yóò sì máa san owó iná lẹ́yìn ọdún márùn-ún? Ìkẹrin, ọwọ́ ta ni àwòrán náà wà, ọjọ́ mélòó ni yóò fi wà níbẹ̀, ta ni ó sì lè fi agbára òfin béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjọba gan-an bá jẹ́ ẹni tí a fura sí? Côte d'Ivoire ti ní òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni láti oṣù Kẹfà ọdún 2013. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ohun tó kù ni pé kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan pé ilé ẹjọ́ àti ìgbìmọ̀ olùwádìí lè rí àwòrán náà láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí a ń wádìí.

Lálẹ́ òní, ilẹ̀ yóò tún ṣú lórí ọ̀sà Ébrié kí aago méje tó lù, àwọn onísọ̀ yóò sì máa palẹ̀ mọ́ ní etí ọ̀nà Dabou. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń bèèrè ẹ̀rọ tó ń rí ooru ara. Iná ni wọ́n ń bèèrè, àti ìjọba tó ṣe é rí nínú iná náà. Yorùbá ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró. Ìjọba tó bá mọ ohun tí òru Lekki àti òru ìdìbò ti ná wa, iná ni yóò kọ́kọ́ tàn, kó tó wá ojú tí yóò máa fi ṣọ́ ará ìlú.